Lẹ́yìn Ọjọ́ Àyẹ̀wò: Bí Ilé-Iṣẹ́ Ìbàdàn Ṣe Lè Jèrè Kóòṣì Ìlera

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ńlá rí n'Ìbàdàn mọ ọjọ́ náà. Wọ́n á ta kánópì síwájú ọgbà, wọ́n á fi bánnà "Ìlera Loògùn Ọrọ̀" kọ́ sẹ́nu géètì, wọ́n á pín fìlà. Àwọn nọ́ọ̀sì á jókòó, àwọn òṣìṣẹ́ á tò, wọ́n á wọn BP, wọ́n á gún ìka fún ṣúgà, ọ̀gá á ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà wọ́n á pín mínírà fún gbogbo èèyàn. Àní mínírà! Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé àbájáde àyẹ̀wò ti wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó di ìgbà tí kánópì bá tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi náà sì wà lára àwọn tó máa ń jókòó sábẹ́ kánópì yẹn. Bàbá awakọ̀ kan ló yí ọkàn mi padà. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọn BP wọn, 158/96 ni. Mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Lọ́dún kejì ó di 164/100, mo tún sọ ohun kan náà. Lọ́dún kẹta, kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín: "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí yóò bá wọn rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dé ọjọ́ tí wọ́n á ṣe é ni wọn ò ní.

Àlàfo yẹn ni kóòṣì ìlera ń dí. Àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́, àti àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ya sídìí iṣẹ́ yìí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ń wá

Ẹni tó bá ti lọ wo 3SC ní Adámásingbà rí mọ̀ pé kóòṣì kì í wọ pápá lọ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló máa ń dúró sí. Kóòṣì ìlera náà kì í kọ oògùn, kì í sọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe èèyàn, kì í sì í dá oògùn tí dókítà kọ dúró. Á jókòó ti òṣìṣẹ́ kan, àwọn méjèèjì á jọ wá ohun kan tí òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fẹ́ yí padà, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, kóòṣì á sì máa padà wá bi í bó ṣe ń lọ sí.

Nọ́ọ̀sì, onímọ̀ oúnjẹ tàbí onímọ̀ eré ìdárayá lè ṣe é, bó bá ti lọ kọ́ ọ. Mo tẹnu mọ́ kíkọ́ yìí nítorí pé àṣẹ pípa ni ilé ìwòsàn kọ́ àwa nọ́ọ̀sì. Ọgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn kóòṣì ń lò jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní motivational interviewing. William R. Miller ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1983, látinú iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí o bá ń tì, á dúró gbọn-in. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi fẹ́ yí padà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ẹni tí ẹ fẹ́ gbà wò, ẹ ṣe bí òṣìṣẹ́ fún un. Ẹ sọ pé, "Mo mọ̀ pé iyọ̀ ò dáa fún mi, àmọ́ ìyàwó mi ló ń se ọbẹ̀." Kí ẹ wá dákẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewu iyọ̀ fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ pe ẹlòmíràn wọlé. Bó bá bi yín pé, "Báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ láàárín ara yín nílé?", ẹ jẹ́ kó jókòó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹ má fún ọmọ àbúrò ọ̀gá ní iṣẹ́ yìí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bá ọ̀gá sọ òótọ́ lórí owó

Àwọn tó ń ta ètò ìlera fún ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti ṣèlérí pé náírà kan tí ẹ bá ná á padà wá ní mẹ́ta kí ọdún tó yí. Ẹ má bá wọn ṣe irú ìlérí yẹn. Ní 2019, Zirui Song àti Katherine Baicker gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ilé-iṣẹ́ ọlọ́jà ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó ní òṣìṣẹ́ bíi 33,000. Wọ́n gbé ètò ìlera lọ sí àwọn ẹ̀ka kan, wọn ò gbé e lọ sí àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn tó rí ètò náà sọ pé àwọn ń ṣeré ìdárayá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn sì ń ṣọ́ bí àwọn ṣe ń sanra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn BP wọn, tí wọ́n ṣírò owó ìtọ́jú wọn àti ọjọ́ tí wọ́n pa iṣẹ́ jẹ, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn àti àwọn yòókù.

Ẹ wá gbé ti 2002 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan lórí dídènà ìtọ̀ ṣúgà, ní Amẹ́ríkà náà, kó èèyàn 3,234 jọ tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àìsàn. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ẹni tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà lójúkojú, ẹ̀kọ́ 16, àti àfojúsùn méjì péré: kí ìwọ̀n ara wọn fi 7% wálẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣeré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà láàárín wọn fi 58% dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ti àwọn tó ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, fi 31% dín.

Ìwádìí méjèèjì ò jọra délẹ̀, n kò sì ní fi wọ́n jà. Àmọ́ èyí tó ṣiṣẹ́ ṣa àwọn tí ewu ti sún mọ́, ó fún wọn ní ẹni tó mọ orúkọ wọn, ó sì bá wọn lọ jìnnà. Ohun tí ẹ ó sọ fún ọ̀gá nìyẹn. Kí ẹ tún kó ìwé oṣù 12 tó kọjá jáde: ọjọ́ mélòó ni àwọn èèyàn fi gba ìsinmi àìsàn, mélòó ni ilé-iṣẹ́ yá lówó ilé ìwòsàn, mélòó ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé lọ. Ọ̀gá tó bá rí i nínú ìwé ara rẹ̀ pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ kan tọwọ́tẹsẹ̀ ti wà nílé fún oṣù mẹ́rin, kò nílò ìwádìí Amẹ́ríkà kankan.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò àkókò

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú nìyí. Òṣìṣẹ́ 40, tí kóòṣì fẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 25 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ méjì méjì, jẹ́ 1,000 ìṣẹ́jú, ìyẹn bíi wákàtí 17. Bí ẹ bá fi ìwé kíkọ àti ìpè kún un, kóòṣì gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ kan àtààbọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí owó yín ò bá tó ìyẹn, ẹ mú èèyàn 20. Ẹ má fi wákàtí mẹ́rin ta 40 lọ́rẹ.

Ilé-iṣẹ́ kékeré méjì tàbí mẹ́ta tó wà ládùúgbò kan náà lè pa owó pọ̀ gba kóòṣì kan. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é, ó sì ń lọ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ so ẹnu àpò

Nílé-iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, yàrá kan tó fara ti ọ́fíìsì àwọn akáǹtì ni wọ́n fún mi. Pátákó lásán ló wà láàárín wa. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan sọ fún mi pé òun ò rí oorun sùn láti ìgbà tí oyún òun ti wálẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn èèyàn ti ń kí i kú àjálù ní kọ́rídọ̀. N kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ògiri ló sọ ọ́. Odindi oṣù kan ni ẹnikẹ́ni ò fi wọ yàrá mi, n kò sì lè bá ẹnikẹ́ni wí, torí pé èmi náà ti rí pátákó yẹn lọ́jọ́ tí mo dé, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kà á sétí gbogbo òṣìṣẹ́ ní Yorùbá:

- Ohun tí òṣìṣẹ́ bá sọ fún kóòṣì kò ní dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tàbí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Ewu ẹ̀mí nìkan ni a yọ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́ pé a fẹ́ pe ẹlòmíràn sí i.
- Iye lápapọ̀ ni ọ̀gá máa rí. Ẹ̀ka tí èèyàn inú rẹ̀ ò bá tó mẹ́wàá, a ò ní yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, torí ní ẹ̀ka tó ní awakọ̀ mẹ́ta, "awakọ̀ kan" ti di orúkọ.
- A ò ní fi BP tàbí ṣúgà ẹnikẹ́ni ṣe ìdí ìgbéga tàbí ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́.

Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn dátà tó gbẹgẹ́ jù, nítorí náà fáìlì gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ kóòṣì nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ wà. Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi kọ ọmọ àbúrò ọ̀gá?

Ohun kékeré kan tún kù: ẹ má pe àwọn tí BP wọn ga nìkan. Bó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń wọ yàrá yẹn, ẹni tó bá ti rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti gbé àìsàn rẹ̀ kọ́rùn. Ẹ ṣí i fún gbogbo èèyàn, kí kóòṣì rọra máa fa àwọn tí ewu sún mọ́ wọlé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìjókòó àkọ́kọ́

Ẹ fún un ní 45 ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ wọn BP, ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì, kó má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì nọ́ńbà tí à ń kọ lábẹ́ kánópì jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, tó sì ń bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣàwàdà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wá ńkọ́? Kóòṣì tó jẹ́ ọmọ ọdún 30 fẹ́ bá bàbá ẹni 57 sọ̀rọ̀ nípa ọtí àti oorun. Àwọn kan nínú wa máa ń fi Òyìnbó bo ìtìjú wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bó bá jẹ́ ohun tí ẹ máa ń ṣe fún ẹgbẹ́ wọn níta, ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn: "Bàbá, ṣé mo lè sọ ohun kan tí mo mọ̀ nípa rẹ̀?" Gbígba àyè kí a tó fúnni nímọ̀ràn wà lára ọgbọ́n iṣẹ́ yìí gan-an. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kí Miller tó kọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá awakọ̀ yẹn ṣe lọ lọ́jọ́ tí mo padà dé gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀:

"Bàbá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò nípa nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún yín?"

"Wọ́n ní ó ga. Àmọ́ kò síbi tó ń dùn mí."

"Ara yín le, ẹ ò sì rídìí tí ẹ ó fi máa lo oògùn."

"Ẹn-ẹ́n." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá tèmi náà, wọ́n kàn ṣubú lọ́jọ́ kan ni. Apá ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí wọ́n fi lọ."

N kò sọ nǹkan kan.

"Mo ṣì ní méjì ní Poli."

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n jáde lójú yín."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe jẹ yín lọ́kàn tó láti mú BP yìí wálẹ̀?"

"Mẹ́fà."

"Kí ló dé tí kì í ṣe méjì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Nítorí Poli náà ni."

Ẹ wo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́wàá, àwíjàre ni wọ́n á kó sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo ní kí ló dé tí kì í ṣe méjì, àwọn fúnra wọn ló ń wàásù fún ara wọn. Kò sí ohun tí mo sọ nípa iyọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun kan ṣoṣo, tó kéré

Kóòṣì tó bá ní kí ará Ìbàdàn má jẹ àmàlà mọ́ ti pàdánù rẹ̀. Kò tiẹ̀ sí ìdí fún un: ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ewé ni ewédú. Bí àmàlà ṣe pọ̀ tó, ọ̀rá ẹran, iyọ̀ àti mágí inú ọbẹ̀, àti mínírà tí wọ́n fi ń tì í sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, ti inú mágí sì wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú ẹyọ kan, kó so ó mọ́ ibi kan àti ìgbà kan. "Màá dín iyọ̀ kù" kì í ṣe nǹkan kan. "Bí mo bá jókòó ní búkà, omi ni màá béèrè kí ìyá olóúnjẹ tó bi mí" ṣeé dì mú. Ẹni tó ń wọ Micra láti Challenge lè sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú kó fi ẹsẹ̀ parí rẹ̀. Bó bá rin 15 ìṣẹ́jú láàárọ̀ àti 15 nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó ti pé 150 tí Àjọ náà ń béèrè lọ́sẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ ní ìrìn kan. Bàbá awakọ̀ mú méjì láìka ìmọ̀ràn mi sí: àmàlà mẹ́ta di méjì, wọ́n á sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Èyí àkọ́kọ́ yẹ̀, èkejì dúró.

Ìgbésẹ̀ 7: Pípadà wá

Ìwádìí tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nílùú London ní 2010 rí i pé bíi ọjọ́ 66 ni ó máa ń gbà kí ohun tuntun tó mọ́ èèyàn lára, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn lè jẹ́ 18, ti ẹlòmíràn 254. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dá ọ̀sẹ̀ 12 fún apá àkọ́kọ́: ìjókòó lọ́sẹ̀ méjì méjì, àti ìpè tàbí fóìsì nóòtì kúkúrú láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù títí ọdún fi máa pé. Fóìsì nóòtì dára ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá bó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ fi sọ ọ́. Ẹ má dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ BP. Àdúrà àti ìpolówó àgbo ni yóò gba ibẹ̀.

Èèyàn máa yẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí owàńbẹ̀ pé mẹ́ta, Iléyá, Kérésì: ẹ ti mọ̀ wọ́n sílẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ nípa wọn kí wọ́n tó dé. Nígbà tí ẹni náà bá wá sọ pé òun ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló dì í mú kó tó yẹ̀. Ó sábà máa ń pọ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìgbà tí kóòṣì gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó pe dókítà

Bí BP bá tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà ló kàn. Ṣúgà òwúrọ̀, kí ẹnu tó kan oúnjẹ, tó bá tó 126 mg/dL, dókítà ló kàn. Bí BP bá dé 180/120 tí àyà sì ń dun ẹni náà, tí èémí rẹ̀ ń há, tí ojú rẹ̀ ṣú, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí tí apá kan kú, ẹ má tún wọ̀n ọ́n: ọkọ̀ ló kàn, sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, ní UCH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹni tó bá sọ pé ayé ti sú òun kò gbọ́dọ̀ dá nìkan jáde kúrò nínú yàrá yẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí inṣọ́ránsì àwọn òṣìṣẹ́ yín dé. Òfin NHIA, àjọ inṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ti 2022 ti sọ inṣọ́ránsì ìlera di dandan, ìjọba Ọ̀yọ́ sì ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA. Kóòṣì tó bá rán èèyàn lọ rí dókítà láìmọ ẹni tí yóò sanwó, àárín ọ̀nà ló já a sí.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ tún ilé-iṣẹ́ náà wò

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gba kóòṣì, tí omi mímu ò sì sí. Wọ́n ń fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀ dé mẹ́sàn-án alẹ́ jókòó kó wá kọ́ bó ṣe máa sùn. Yẹ̀yẹ́ gbáà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí kóòṣì máa mú ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lọ bá ọ̀gá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, láìdárúkọ: omi, àkókò oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò ní fi ìpè dà rú, ìyípo iṣẹ́ òru.

Ìgbésẹ̀ 10: Kíkà á

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ka nǹkan mẹ́ta péré: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ mélòó ló dé ìjókòó kẹrin, àwọn tí a rán lọ sọ́dọ̀ dókítà mélòó ló lọ, àti nínú àwọn tí BP wọn ga, ti mélòó ló ti wálẹ̀ sábẹ́ 140/90. Ọ̀rọ̀ owó àti ìsinmi àìsàn, ó di ọdún kejì.

Bí àwọn tó dé ìjókòó kẹrin ò bá tó ìdajì, ẹ má tíì lé kóòṣì, ẹ má sì fi owó kún un. Ẹ lọ jókòó sínú yàrá tí ẹ fún un, kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀, kí ẹlòmíràn dúró sí yàrá kejì kó sọ ohun tó gbọ́ fún yín.